Ẹ Mọ Ẹni Tí Yóò Gba Ìwé-Ẹ̀rí Náà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọmọ tó wà ní Atokoligbé lónìí lè jókòó ti fóònù rẹ̀ kó sì kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò owó ọjà, bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tàbí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oko kajú kí èso rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Kò ní wọ mọ́tò lọ sí Parakú, kò ní gba yàrá ní Kútọnu. Fún àgbègbè wa yìí ní Bẹ̀nẹ̀, láti Bantẹ̀ títí dé Savalou, níbi tí òbí ti gbọ́dọ̀ ta iṣu àti kajú kó tó rí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, oore ńlá ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò kọ èyí láti lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí rẹ̀.

Àmọ́ bí oore yìí ṣe ń wọlé ni àwọn oníjìbìtì ń tẹ̀lé e wọlé. Àwọn tí a ń pè ní gaïman níbí mọ oṣù tí owó kajú máa ń wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n mọ ọ̀sẹ̀ tí èsì BAC máa ń jáde, tí gbogbo ilé ń ronú ohun tí ọmọ yóò dà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìpolówó ẹ̀kọ́ máa ń rọ́ wọ inú gúrúùpù WhatsApp: ẹ̀kọ́ oṣù kan, ìwé-ẹ̀rí tí gbogbo ayé mọ̀, iṣẹ́ tó ti ń dúró dè ọ́ ní Kánádà, àyè mẹ́wàá péré ló kù. Ẹni tó bá rí i á kọ́kọ́ béèrè pé èló ni. Kí ìbéèrè owó dúró ná. Ohun tó yẹ kí òbí àti ọmọ kọ́kọ́ béèrè ni pé: nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, ta ni yóò gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ wa? Ilé-iṣẹ́ wo, ìjọba wo, ọ̀gá wo?

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa rárá, Kútọnu ló ti ṣẹlẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé ìwádìí akọ̀ròyìn rẹ̀, Umar Audu, jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọkùnrin yìí gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu, láì jókòó ní kíláàsì, láì kọ ìdánwò kankan. Ó tún fi ìwé náà wọ ètò àgùnbánirọ̀ NYSC ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Tahir Mamman tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn nígbà náà sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé-ẹ̀rí ayédèrú láti orílẹ̀-èdè méjèèjì lé ní 22,500.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí ṣe fún ọmọ tiwa. Ọmọ Bantẹ̀ tó lo ọdún mẹ́ta gbáko ní yunifásítì Abomey-Calavi, tó jí ní ìdájí kó lè rí àyè jókòó nínú gbọ̀ngàn, tó wá fẹ́ fi ìwé rẹ̀ wá iṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ìlà kan náà ni wọ́n to òun àti ẹni tó ra tirẹ̀ sí. Abomey-Calavi àti Parakú wà lára ìwọ̀nba yunifásítì tí Nàìjíríà padà dárúkọ pé òun yóò máa gba ìwé wọn, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ti kọjá kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ra ìwé-ẹ̀rí kò pa ara rẹ̀ nìkan lára, ó ń ba orúkọ ẹni tó kàwé jẹ́.

Irú òwò yìí ti wà tipẹ́ káàkiri ayé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ilé-iṣẹ́ Axact ní Karachi, ní Pakistan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ yunifásítì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwòrán ọgbà tó rẹwà wà níbẹ̀, àwòrán ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ẹni tó ń dáhùn ìpè tọ̀sán-tòru wà níbẹ̀, ohun kan tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́. Èyí tó burú jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ra ìwé tán. Wọ́n á tún pè é, wọ́n á fi ara wọn hàn bí òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á ní àṣírí rẹ̀ yóò tú tí kò bá san owó sí i. Ẹni tó ra ìwé irọ́ ti fi ara rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ayédèrú nìkan ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Ilé-ẹ̀kọ́ tòótọ́ pàápàá lè fúnni ní ìwé tí ẹnu ọ̀nà kan kò ní gbà. Wọ́n dá yunifásítì National Open University of Nigeria, tí wọ́n ń pè ní NOUN, sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun ti í pa ní 1984, wọ́n sì jí i dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sókè. Yunifásítì ìjọba ni, òfin ló gbé e kalẹ̀. Síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀ kò rí ilé-ẹ̀kọ́ agbẹjọ́rò, ìyẹn Nigerian Law School, wọ̀, nítorí ohun tí òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ sọ nípa irú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni. Àfìgbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe, tí ààrẹ fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Àwọn ọmọ yẹn kò jẹ̀bi ohunkóhun, wọ́n ka ìwé wọn, wọ́n yege, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń lọ ni kò ṣí. Ká ní ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ì bá mọ ohun tí wọ́n ń bọ́ sí.

Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ wọ̀ ni kí ẹ ti béèrè, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ilé-iṣẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gíga ló ń fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni ní àṣẹ. Ọmọ tó fẹ́ kí ìjọba ka licence tàbí master rẹ̀ sí gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìjọba ti fọwọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, tàbí òun ní láti lọ jókòó ìdánwò orílẹ̀-èdè kó tó rí i gbà. Fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, CQP àti CQM ni ìwé tí ìjọba mọ̀, ìdánwò ni wọ́n sì fi ń gbà wọ́n, níwájú ẹni tó ń wo bí ọwọ́ rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Fídíò kankan kò lè fún aránṣọ tàbí mẹkáníìkì ní CQM. Ẹni tó bá sọ pé tòun lè ṣe é, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbèrò láti gba ẹ̀kọ́ nítorí iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan ní Glazoué tàbí Parakú, ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ náà, ẹ fi orúkọ ẹ̀kọ́ náà hàn wọ́n. Ìrìn ọjọ́ kan yẹn kéré sí owó tí ẹ fẹ́ san.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kò nílò ìwé kankan. Ẹni tó ti ń ta gàrí, tó kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò èrè, tàbí tó fẹ́ mọ àrà tuntun nínú irun dídì, ọgbọ́n ló ń wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i. Ohun tó yẹ kó wò ni bóyá olùkọ́ náà mọ iṣẹ́, bóyá ó ń dáhùn ìbéèrè, àti bóyá ó jẹ́ kí èèyàn wo ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì kó tó gbowó. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀kọ́ yìí wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá a níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Owó orí fóònù ni gbogbo wa ń lò báyìí, ìbáà jẹ́ MoMo ti MTN, Moov Money tàbí Celtiis Cash, ibẹ̀ sì ni oníjìbìtì ń dúró sí. Ilé-ẹ̀kọ́ gidi máa ń ní àkáǹtì tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lórí rẹ̀, ó sì máa ń fúnni ní rìsíìtì. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fún yín, tí orúkọ tó yọ jáde jẹ́ ti ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ san án bí ẹ̀kọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ kọ́ yín yóò gbà, ẹni tí kò ní nǹkan kan yóò máa kán yín lójú. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé kí ẹ sọ kóòdù ìkọ̀kọ̀ yín kí òun lè parí ìforúkọsílẹ̀, olè ni. Ọ̀nà mìíràn tún wà tó rọrùn láti bọ́ sí: ìbéèrè kan á yọ lójú fóònù pé kí ẹ tẹ kóòdù kí owó ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lè wọlé. Owó tó ń wọlé kì í béèrè kóòdù. Èyí tó ń jáde ló ń béèrè rẹ̀.

Àwọn àgbà tó wà láyé ní 2010 kò ní gbàgbé ICC Services. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ṣèlérí èlé tí oko kankan kò lè mú jáde, wọ́n fi owó àwọn tó ń bọ̀ san ti àwọn tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tó dà wó, ó lé ní bílíọ̀nù 100 CFA tí àwọn èèyàn pàdánù, àwọn mìíràn ti ta ilẹ̀ baba wọn kó owó síbẹ̀. Lónìí, aṣọ ẹ̀kọ́ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀. Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ san owó wọlé, lẹ́yìn náà ẹ mú èèyàn méjì wá, àwọn yẹn náà á mú èèyàn wá, ẹ̀yin á sì máa jẹ lórí wọn. Ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé èèyàn tí ẹ mú wá ni èrè rẹ̀ ti ń wá, kò sí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀.

Ibi tó ń dẹ́rù bà mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ tó bá di ìrìn-àjò. Wọ́n á fi ẹ̀kọ́ orí fóònù bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yin ọmọ náà pé ó mọ̀wé, wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ ti yàn án, kó máa bọ̀ ní ìlú kan ní orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá fún ìyókù ẹ̀kọ́. Bó bá débẹ̀, wọ́n á gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, wọ́n á kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú yàrá kan, wọ́n á sì fipá mú un kó máa pe àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ọlọ́pàá ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti kó ọ̀dọ́ jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bá ní òun ń lọ síbì kan fún ẹ̀kọ́, ẹ béèrè àdírẹ́sì, ẹ wá ọmọ ìlú wa tó ń gbé níbẹ̀ kó lọ fi ojú rí ilé náà. Àwọn ará wa kún Abidjan, Lomé àti Èkó. Kò sí ìlú tí ọmọ Bantẹ̀ kò sí.

Lẹ́yìn owó, orúkọ yín ni wọ́n ń wá. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ANIP fún olúkúlùkù wa, tí a ń pè ní NPI, òun ni wọ́n fi ń ra síìmù, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba. Ẹ̀kọ́ irun dídì kò nílò NPI. Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò nílò àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn káàdì yín. Kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó fún wọn. Yunifásítì tó fẹ́ fún yín ní ìwé-ẹ̀rí ìjọba lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ yunifásítì náà ná. Òfin wà lórí èyí: ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni òfin Code du numérique ti Bẹ̀nẹ̀ di òfin, ó sì fún yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ yín ṣe, láti ní kí wọ́n tún un ṣe, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. APDP ni àjọ tó ń bójú tó o, ẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí wọn.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo tún fẹ́ kí ẹ ronú sí. Ọ̀pọ̀ wa kò ní kọ̀ǹpútà nílé. A óò mú ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Bantẹ̀ tàbí Savalou, ọmọ tó wà níbẹ̀ á ya àwòrán rẹ̀, á ṣí ímeèlì fún wa, á yan ọ̀rọ̀-ìwọlé fún wa, á sì fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ọmọ dáadáa ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kúrò níbẹ̀, àwòrán ìwé ìbí wa ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ímeèlì wa ṣì wà ní ṣíṣí, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn wa lè ka gbogbo rẹ̀. Ẹ dúró títí yóò fi pa fáìlì náà rẹ́ lójú yín. Ẹ rí i pé ó jáde kúrò nínú àkáǹtì yín. Kí ọ̀rọ̀-ìwọlé jẹ́ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, kó gùn, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ, kó má jẹ́ 123456. Tí ọmọ bá yege BAC, tó fẹ́ wọ yunifásítì ìjọba, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ apresmonbac.bj sójú fóònù, kó má tẹ líǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Àmì àgádágodo kékeré tó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tó ń lọ láàárín fóònù yín àti ojúlé náà. Kò sọ pé olóòótọ́ ló ni ojúlé náà. Oníjìbìtì náà lè ní àgádágodo.

Lórí WhatsApp, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pé orúkọ ọ̀gá ẹ̀kọ́ tàbí orúkọ àbúrò yín ló ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá rí i gbà á wọ WhatsApp yín, á sì máa tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ yín. Nínú ètò WhatsApp ni ẹ ti lè fi kóòdù kejì tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ sí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ ṣe é lónìí, kí ẹ sì bá ìyá yín ṣe tiwọn.

Ó ku àwọn tó ń kọ́ni, mo sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ bá wọn sọ, nítorí inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ pé olùkọ́ CEG kan, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan tàbí ọ̀gá aránṣọ kan fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣe é. Ẹ kàn mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti di ohun ìpamọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí PowerSchool, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ sí lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìwọlé kan ṣoṣo tí wọ́n jí ni àwọn ọ̀daràn fi wọlé, wọ́n sì kó àkọsílẹ̀ ọmọ àti olùkọ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ náà san owó fún wọn kí wọ́n lè pa á rẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìhàlẹ̀ tuntun tún dé bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́, tó fi mọ́ ti Toronto, pé àkọsílẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 kan ní Massachusetts ló padà gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn, tó ní òṣìṣẹ́ tí ààbò nìkan ni iṣẹ́ wọn. Lásìkò Kòrónà náà, àjọ Human Rights Watch yẹ áàpù àti ojúlé ẹ̀kọ́ tó lé ní 160 wò, èyí tí ìjọba orílẹ̀-èdè 49 ní kí àwọn ọmọ lò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ tàbí tó lè ṣọ́ wọn. Ohun tí ẹ kò bá gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò lè jí i lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ìwọ̀nba.

Kò di dandan kí ẹ sanwó ńlá fún ibi tí ẹ óò gbé ẹ̀kọ́ sí. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, gbé Moodle jáde ní 2002, ọ̀fẹ́ ni títí di òní, yunifásítì ńláńlá sì ń lò ó. Áàpù rẹ̀ ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dára, kó kà á nígbà tí kò bá sí. Èyí ṣe pàtàkì fún wa, nítorí gbogbo wa mọ bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe ń ṣe nígbà òjò. Kolibri tún wà, tí wọ́n ṣe fún ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá: kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń lo iná oòrùn lè gbé e, kí àwọn ọmọ kíláàsì sì máa fi fóònù wọn kàwé láti ara rẹ̀ láì ná owó dátà. Ẹ má fi fídíò wákàtí kan ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ra dátà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lóòjọ́. Ẹ gé e kúrú. Ẹ fi ohùn lásán ṣe èyí tó bá ṣeé fi ohùn ṣe, kí ẹ sì kọ ìyókù sílẹ̀. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, tó ń jẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé Cheikh Hamidou Kane báyìí, ṣí ibùdó káàkiri orílẹ̀-èdè náà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí kọ̀ǹpútà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti ojúgbà wọn. Bí mẹ́rì Bantẹ̀ bá lè fún wa ní yàrá kan pẹ̀lú iná oòrùn ní Atokoligbé, ìwúlò rẹ̀ yóò ju ti ọ̀pọ̀ ìlérí ìdìbò lọ.

Lórí ààbò, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí olùkọ́ mẹ́rin máa lo orúkọ-ìwọlé kan. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ abà há ẹnu ọ̀nà: ọjọ́ tí ọkà bá dín, kò sí ẹni tí ẹ lè bi. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí agbára olùkọ́ mọ sórí ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kí ẹnì kan tàbí méjì péré ní agbára lórí gbogbo rẹ̀, kí àwọn yẹn sì lo kóòdù kejì nígbà tí wọ́n bá ń wọlé. Olùkọ́ tó bá kúrò, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kódà tí ẹ bá ṣì jọ ń jẹun. Ẹ máa gba àtúnṣe tí Moodle bá gbé jáde, nítorí ihò tí àwọn ọ̀daràn ń wá ni ó ń dí. Ẹ ní ẹ̀dà gbogbo ẹ̀kọ́ àti máàkì sí ibòmíràn, kí ẹ sì dán an wò bóyá ó ń ṣí. Ní 2020, nígbà tí gbogbo ayé sá lọ sórí Zoom, àwọn àjèjì ń já wọ inú kíláàsì, wọ́n ń fi ìwọ̀sí lọ àwọn ọmọdé. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni Zoom tó sọ ọ́ di àṣà pé kí àlejò dúró ní yàrá ìdúró títí olùkọ́ yóò fi gbà á wọlé. Ẹ má pa yàrá ìdúró yẹn, ẹ má sì lẹ líǹkì kíláàsì mọ́ Facebook.

Àwọn kan máa ń kérora pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ra ẹ̀kọ́, yóò sì tà á fún ogún èèyàn. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dá a dúró pátápátá. Ẹ lè fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sára ìwé tí ẹ fún un. Èyí tí wọn kò lè jí ni ìdáhùn yín, àtúnṣe tí ẹ ń ṣe sí iṣẹ́ wọn, àti ọjọ́ tí ẹ óò pè wọ́n jọ. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Ìdánwò ni yóò fi ẹ̀kọ́ yín hàn. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ kọ ránṣẹ́ kò fi hàn mọ́ pé òun ló kọ ọ́. NOUN ń kọ́ni láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ní ibùdó wọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó ìdánwò, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ lẹ́ẹ̀kan, kí aránṣọ rán aṣọ lójú yín, kí ẹni tó kọ́ títún fóònù ṣe tú fóònù kan. Kí nọ́ńbà wà lára ìwé tí ẹ bá fún wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ sì lè pè yín láti béèrè bóyá òótọ́ ni. Ẹ má pè é ní díplómà tí ìjọba kò bá fún yín láṣẹ. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: pé ẹni yìí kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa.

Tó bá wá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nílé yín, ẹ má bú u. Ìtìjú ló ń mú kí ọ̀pọ̀ dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn ni oníjìbìtì fi ń rí àyè lu ẹlòmíràn ní àdúgbò kan náà. Ẹ kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ tó ni owó fóònù náà kíákíá, nítorí owó tí wọn kò tíì gbà jáde ṣeé dá dúró nígbà mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí kọmísáríà ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, kí ọ̀ràn náà lè dé ọ̀dọ̀ CNIN, àjọ tó ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp náà rẹ́ nítorí ìbínú, ẹ má sì kúrò nínú gúrúùpù náà kí ẹ tó ya àwòrán gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi pè, orúkọ tó yọ nígbà tí ẹ sanwó, ọjọ́ àti aago, gbogbo rẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò béèrè. Ẹ mú fóònù náà lọ bó ṣe wà.